Bàtà Méjìlélógójì

Bàtà méjìlélógójì ni wọ́n há fún mi
lọ́dún tí mo wọ iṣẹ́ rélùwéè.
Ẹsẹ̀ mi gba mẹ́rìnlélógójì.
Mo wí fún akọ̀wé tó jókòó ti àpótí bàtà,
kò gbójú sókè. Ó ní, "Awọ ni. Awọ a máa rọ̀."
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi retí kí awọ ó rọ̀.

Ẹsẹ̀ mi ló rọ̀.

Ẹ wo ọmọ-ìka tó kángun síta:
ó ti dùbúlẹ̀ sórí èkejì rẹ̀
bí ọmọ tó sùn lọ lẹ́yìn ìyá.
Àtàǹpàkò ti kọjú sí àwọn yòókù,
èékánná rẹ̀ nípọn bí ìwo àgbò,
etí rẹ̀ kan ń wa ẹran lọ sísàlẹ̀
bí ẹni ń gbẹ́ kànga lọ́dún ọ̀dá.
Lóru, tí ọyẹ́ bá ti orí àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀,
aṣọ ìbora pàápàá wúwo jù fún un.
Mo ń na ẹsẹ̀ síta sínú òtútù
kí n lè rí oorun díẹ̀ sùn.

Èmi àti Bíàwù la jọ ń rin ojú irin
lọ sí apá Kìlìbó, òòlù léjìká,
à ń lu irin, à ń dẹtí sí ohùn rẹ̀:
èyí tó bá sán, bí àwo fífọ́ ló ń dún.
A mọ ibi tó ń dun irin.
Kò sẹ́ni tó lu ẹsẹ̀ tiwa gbọ́.

Lọ́jọ́ kan Bíàwù fẹsẹ̀ òsì kọ nítòsí afárá,
ó ní ilé ló yá, ẹsẹ̀ òsì kì í pe ire.
Mo ní, "Tí n bá ní kí n máa ka tèmi,
mi ò ní kúrò lórí ẹní láé."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí irin.
Ó ti kú báyìí. Ọkọ̀ ojú irin náà ò kọjá mọ́.
Ewúrẹ́ ló ń jẹko láàárín ibi tí à ń rìn.

Àyọ̀ká ọmọ ọmọ mi ló ń tọ́jú mi láṣàálẹ́:
omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan nínú báàfù.
Òkúta tó ṣà nídìí òkè ló fi ń ha gìgísẹ̀.
Òrí ń yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó tó kàn mí.
Ó ń ki òwú sáàárín ìka àti ìka,
ó ní kí wọ́n má baà máa jà.
Kò jẹ́ kí n gé èékánná fúnra mi mọ́,
nítorí mo ti gé ẹran mọ́ ọn rí.
Gbọọrọ ló ń gé e, kì í yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lánàá, ó gbé bàtà dúdú mi jáde,
èyí tí mò ń tọ́jú de ìnáwó, de òkú ẹlòmíì,
bóyá de tèmi náà.
Ó mú abẹ, ó gé iwájú rẹ̀ sọnù.
Mo pariwo! Owó àgbò méjì ni mo fi rà á!
Ó ní, "Baba, ẹ wọ̀ ọ́ ná."
Mo wọ̀ ọ́.
Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yọrí síta
bí ọmọ ilé-ìwé lójú fèrèsé.

Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á.
Ó mọ̀ ọ́n. Ta ló wá ní kó má bọ́ ọ?

Ní kùtù òní mo rìn dé ibùdókọ̀ àtijọ́.
Ìrì kan ìka mi, ó tutù nini.
Àtàǹpàkò ṣì ń ta mí, mi ò ní purọ́,
ṣùgbọ́n mo ti tẹ igi ìdábùú kẹtàdínlógún
kí n tó rántí pé ó yẹ kí n máa tiro.
Mo dúró. Mo fi ọ̀pá mi lu irin lẹ́ẹ̀kan,
mo dẹtí.
Kò sán.